Àwọn Ọkọ̀ Eré Ìje Tí Ràṣídì Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Nofẹ́ńbà, 1961

N kò lè kọ púpọ̀. Ràṣídì Àtàndá ti fi Àṣá, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ eré ìje rẹ̀, kọlu ògiri afárá kékeré tó wà lọ́nà Awo. Táyà iwájú ló bẹ́ níbi tó ti ń sáré bọ̀ wálé. Ọkọ̀ náà ta òkìtì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tí mo fi débẹ̀, Rájí, ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, ti já àáké gbà lọ́wọ́ agégẹdú kan, ó ń ṣá imú ọkọ̀ náà bí ẹni ń ṣá ejò. Bàbá rẹ̀ wà nínú koríko lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ń pariwo pé, "Gbé bàbá rẹ ná, ìwọ ọmọ yìí!" Kò gbọ́. Ìgbà tí èèkù àáké ṣẹ́ ló tó dúró.

Mo sọ fún Ràṣídì ní Ọjọ́bọ̀ pé ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lọ mu tíì mi.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Nofẹ́ńbà

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọsibítù ni mo wà látàárọ̀. Dókítà ní egungun ìhà ti gún ẹ̀dọ̀fóró. Bí Ràṣídì bá mí, ohùn kan ń dún láyà rẹ̀ bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò tí a dé.

Lọ́sàn-án ó la ojú, ó di ìka mi mú.

"Jacob. Ìyálé àti Ìyàwó. Má jẹ́ kí wọ́n tú wọn."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún fún ìka mi, ó dùn mí. Mo ní, "Mo gbọ́. Wọn ò ní tú wọn." Kí ni mo rí tí mo fi ṣèlérí bẹ́ẹ̀? Èmi tí n kò lè dáàbò bo adìyẹ mi lọ́wọ́ àṣá gidi.

Rájí wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó tutọ́ láti ojú fèrèsé. "Ẹ gbọ́ ọ? Ọkọ̀ ló ń pè. Láti àná tó ti wà níbí, kò tíì dárúkọ ìyá mi."

Ọjọ́ Ajé, 13 Nofẹ́ńbà

Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun àsárì. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sàréè gbẹ bí eérú, ó ń fẹ́ sí wa lójú. Àárín àwọn àlùfáà ni mo dúró sí bí igi, èmi nìkan ni Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀.

Ọjọ́rú, 15 Nofẹ́ńbà

Ọládòṣù, àbúrò Ràṣídì tó di olórí ẹbí báyìí, wá síbí ní àárọ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ máa dì í mú títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ẹ kì í ṣe ọmọ ilé, ẹ ò sì ní ìpín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní ẹ ṣègbè."

"Ṣé kò sí ọ̀rẹ́ mìíràn tó ní?"

"Ta ló kù? Gbogbo wọn ló sá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin tí òyìnbó jù nù wálé."

Ọ̀rọ̀ ogún náà kò le. Ìdí méjì ló wà, Kúlúsúmù ìyàwó àgbà àti Àwáwù ìyàwó kékeré. Ilé jẹ́ ti gbogbo wọn. Ohun tó kù ni lọ́rì tuntun tí Ràṣídì rà àti àwọn ọkọ̀ eré ìje. Ìdí Kúlúsúmù ni yóò kọ́kọ́ mú, Rájí ni yóò sì mú un. Lọ́rì ni Rájí ń wà, òun ló ń jẹ, òun ló ń mu. Lọ́rì ni yóò mú. Nígbà náà àwọn ọkọ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ Sìmbíátù, ọmọ Àwáwù, tó ń bá bàbá rẹ̀ tọ́jú wọn láti kékeré. Iṣẹ́ mi kò ju kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n títí di ọjọ́ náà.

Mo sọ èyí fún Grace, ìyàwó mi, bí mo ti kọ ọ́ yìí. Ó ní, "Ó dáa. Kí ló wá dé tí ẹ ò jẹun?"

Kóńgò gàrí ti kúrò ní tọ́rọ́, ó ti di sísì.

Ọjọ́ Jímọ̀, 17 Nofẹ́ńbà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ràṣídì máa ń jí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lójú oorun, bẹ́ẹ̀ ló ń pe títan ẹ́ńjìnnì wọn. Sìmbíátù ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Mo ṣí ilé ọkọ̀ fún un. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó kún fún gíríìsì, ó fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe.

Ìyálé ló kọ́kọ́ dé Ẹdẹ, ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá, nígbà tí èmi ń bójú tó ẹrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Mo rí nǹkan gígùn kan tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn, àga ẹyọ kan péré, táyà gíga bíi ti kẹ̀kẹ́. Ràṣídì jókòó tì í nínú wágùnù, eruku bo ìrùngbọ̀n rẹ̀. Láti ìlú àwọn awakùsà lókè Ọya ló ti bá a rin ìrìn-àjò nínú ẹrù, kó má baà sí ẹni tí yóò yọ bóòtù kan lára rẹ̀. Adìyẹ ni òyìnbó tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń sìn sínú rẹ̀.

Ó ní, "Akọ̀wé, rọra. Ọkọ̀ yìí ti sá eré ìje níwájú ọba kí wọ́n tó bí ọ̀gá rẹ."

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó máa ń sọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó wà á bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn àna rẹ̀: ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, ẹni tó jóná mọ́ ọn, ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ tó sì kú lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí èkejì dé, tó sọ wọ́n ní Ìyálé àti Ìyàwó, Kúlúsúmù bínú. "Ta ni ìyálé nínú ilé yìí, èmi àbí irin?" Ràṣídì ní, "Ìwọ ni ìyálé èèyàn. Èyí ni ìyálé irin. Ẹ ò jọ ń jẹ nínú àwo kan náà, kí ló ń bí ọ nínú?"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe onísùúrù. N kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ òkú. Mekáníìkì kan láti Òṣogbo fi òòlù lu bóòtù Ìyàwó, Ràṣídì fi òòlù yẹn náà lu ọwọ́ rẹ̀. Rájí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó gun orí Ìyálé tó ń ṣeré. Ìgbájú kan ni. Ọmọ náà kó eyín rẹ̀ méjì dání lọ bá ìyá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20 Nofẹ́ńbà

Fídáù. Ìjà. Àlùfáà kò tíì parí àdúà tí Rájí ti sọ pé òun yóò fi àáké ṣẹ́ àwọn irin yòókù bí ẹni ń ṣẹ́gi ìdáná. Sìmbíátù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ èmi." Rájí gbé bẹ́ńṣì, ó là á mọ́ ọn léjìká. Ìrẹsì dà sílẹ̀, àwọn obìnrin ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi là wọ́n, aṣọ funfun Ọládòṣù ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ imú.

Bí mo ti ń lọ sílé, Rájí kígbe sí mi láti òdìkejì títì: "Bàbá Akọ̀wé! Ẹ̀yin lẹ gbé apànìyàn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mi ò gbàgbé!"

Ọjọ́rú, 22 Nofẹ́ńbà

Wọ́n sọ òkò sí òrùlé mi ní ọ̀sán gangan. Páànù kan ti lu. N kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Àìkú. Grace ní, "Bàbá Títí, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ wọn. Ṣé ọkọ̀ yẹn á wá ṣọ̀fọ̀ yín ni?" Mo ní mo ti ṣèlérí. Ó ní òkú kì í bi èèyàn léèrè. Mo ní tèmi ń bi mí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 24 Nofẹ́ńbà

Kí n kọ ọ́ bó ti ṣẹlẹ̀. Bí n kò bá kọ ọ́, orí mi yóò máa yí i padà.

Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ kírun Jímọ̀. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilé ọkọ̀. Sìmbíátù wà nínú, ó ti jí Ìyálé, ariwo rẹ̀ sì ń mì mí láyà débi pé n kò gbọ́ ìgbà tí lọ́rì dúró. Ìgbà tí mo gbójú sókè, Rájí ló wà níwájú mi pẹ̀lú àáké, èèkù tuntun. Agbèrò mẹ́ta tẹ̀ lé e, ọ̀kan gbé gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù.

"Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀."

"Rájí, ogójì kò tíì pé."

"Bàbá mi wà nínú iyẹ̀pẹ̀, àwọn wọ̀nyí ń mu epo. Mo ní ẹ dìde."

"N kò dìde."

Kò fọwọ́ kàn mí. Ọ̀kan nínú àwọn agbèrò ló di ọrùn aṣọ mi mú, ó jù mí mọ́ ògiri bí àpò kòkó. Awò ojú mi fọ́ sí mi lójú. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ ojú mi ni mo fi rí i tí wọ́n da pẹtiróòlù sí Ìyàwó lórí, láti imú dé ìdí, bí ẹni ń fi omi wẹ ọmọ.

Sìmbíátù pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n ṣá ìṣáná. Iná náà kò kọ́kọ́ dún, ó kàn dìde ni. Ẹni tó da pẹtiróòlù ti da díẹ̀ sí ara rẹ̀. Iná gun apá rẹ̀ dé orí, ó sáré jáde ó ń yí bí òkòtó, òórùn irun sísun bo gbogbo àgbàlá. Àwọn méjì yòókù lé e lọ.

Rájí dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àáké lókè. "Jáde, Sìmbí! Fi í sílẹ̀ kó o fẹsẹ̀ ara rẹ jáde!"

Èéfín ti bo Sìmbíátù mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. "Ẹ kúrò lọ́nà!"

"Ìwọ? O ò lè gbá mi. Ó yá, wá!"

Ó wá. Ìyálé jáde nínú èéfín pẹ̀lú igbe, Rájí sì ju àáké, ó bà á nímú, ṣùgbọ́n kò ráyè yẹ̀. Mo gbọ́ egungun náà. Ó dún bí igi gbígbẹ tí a fi orúnkún ṣẹ́. Táyà iwájú gun ẹsẹ̀ rẹ̀, tẹ̀yìn sì tún gùn ún. Ọkọ̀ náà la àgbàlá kọjá, ó wó ìdáná Kúlúsúmù, ó dúró.

Kúlúsúmù wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ọmọ odó, ó lọ bá Sìmbíátù lórí àga ọkọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà kò sá, kò sì gbé ọwọ́ bo orí. Èmi ni mo fi ara mi sí àárín wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí apá òsì mi wú báyìí.

Ilé ọkọ̀ jó tán, Ìyàwó sì jó mọ́ ọn. Nígbà tí Ọládòṣù ti mọ́sálásí dé, ó wo ohun gbogbo, ó ní, "Lọ́rì ló já Rájí sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọ̀rọ̀ ilé wa kò ní dé àgọ́ ọlọ́pàá."

Ọjọ́ Àìkú, 26 Nofẹ́ńbà

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Rájí lókè orúnkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Nofẹ́ńbà

Ọlọ́pàá kan wá bi mí ohun tó ṣe ojú mi. Mo ní mo ṣubú. Ó ní ṣé ọjọ́ tí Rájí já bọ́ lórí lọ́rì ni èmi náà ṣubú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọyẹ́ ń yọ̀. Ọyẹ́! Ó wò mí títí. Èmi tí mo ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí Rájí bá la ẹnu, Sìmbíátù yóò ṣẹ̀wọ̀n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Dìsẹ́ńbà

Àgbàlá mi ni Ìyálé wà báyìí, mo fi tapólì tí mo fi ń bo kòkó bò ó. Kòkó gan-an ti já wálẹ̀ lọ́jà. Àwọn awakọ̀ gáréèjì kò gba ẹ̀yìn ilé mi mọ́, wọ́n ní ọkọ̀ tó ti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ olówó rẹ̀, a kì í bá a pàdé kí a má rúbọ. Sìmbíátù ń wá ní ìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ tí iná bó wà nínú aṣọ tí a so kọ́ ọrùn. Kì í sọ̀rọ̀. Ó ń nù ún ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n gbé Rájí wálé. Mo lọ kí i, Grace ní kí n má lọ. Ó wà lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù, ojú rẹ̀ tóbi.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀ o, Bàbá Akọ̀wé. Ara rẹ̀ le?"

"Rájí, ìwọ ni mo wá kí."

"Ẹ ṣeun. Ẹ wò ó, mo ti di aláìlẹ́sẹ̀, ẹ̀yin sì di aláìríran. Irin Bàbá mi pín wa dọ́gba."

Ó fọwọ́ pa ibi tí ẹsẹ̀ náà ti dópin, ó ń wo lọ́rì tó dúró sí ìta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ta mí bí akéekèé: ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í wa lọ́rì. Kí ni yóò wá mú lọ́rì ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 21 Dìsẹ́ńbà

N kò lè jẹun. Mo bẹ Ọládòṣù pé kó yí ètò padà, kí Àwáwù kọ́kọ́ mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yí ìyá kan pa dà di èkejì rẹ̀ ni?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Dìsẹ́ńbà

Àná ni wọ́n ṣe àdúà ogójì. Òní ni wọ́n pín ogún.

Wọ́n ní kí n gbé Ìyálé wá. Sìmbíátù àti àwọn ọmọ ilé tì í wá sí àgbàlá, wọ́n dá a dúró sí ẹ̀gbẹ́ lọ́rì. Rájí wà lórí ẹní, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ gáréèjì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́bàá ògiri.

Ọládòṣù ní, "Rájí, ìdí tiyín ló ń kọ́kọ́ mú. Kí lẹ mú?"

"Ọkọ̀ eré."

Àwáwù pariwo. Sìmbíátù kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú lọ́rì. Ẹ fi ẹlòmíràn sí i kó máa wà á fún yín. Kí n máa wà á fún yín, bí ẹ bá fẹ́."

"Kí ìwọ máa wa lọ́rì fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dára. "Ogún mi nìyẹn, mo ti mú un. Làmídì! Gba àáké yìí, kó o fọ́ ọ."

Làmídì, olórí àwọn awakọ̀, kò kúrò lẹ́bàá ògiri. "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Irin tó ti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ olówó rẹ̀, èmi kò ní fi irin kàn án. Mo ṣì ń rìn lójú títì."

"Ọ̀lẹ!" Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Ó wá yí ojú padà. "Sìmbí, dìde. Ìwọ lo fọ́ ẹsẹ̀ mi. Ìwọ náà ni kó fọ́ ọ."

"N kò lè ṣe é."

"Bí o bá fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ ti parí, lọ́rì ló já mi sílẹ̀. Bí o kò bá fọ́ ọ, wọn ó gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nísinsìnyí, n óò sọ ẹni tó gùn mí mọ́lẹ̀, àti àgbààgbà tó purọ́ bò ó."

Ọládòṣù bẹ̀ ẹ́. Àwáwù dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Rájí na àáké náà sí Sìmbíátù. Sìmbíátù kò wo ìyá rẹ̀, kò wo Rájí. Èmi ló ń wò. Ó mọ ìlérí tí mo ṣe lọ́sibítù. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Mo rí Ràṣídì bó ti di ìka mi mú. Mo sì rí ọmọ yìí nínú aṣọ ẹlẹ́wọ̀n.

Mo ní, "Fọ́ ọ, ọmọ mi."

Mo tún un sọ.

Ó gba àáké. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣá a, imú rẹ̀ ya bí aṣọ. Ó ṣá ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó ṣá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ṣá tòsì, ó lọ sẹ́yìn, ó ṣá ìrù rẹ̀ títí ó fi jábọ́. Kò sunkún. Ariwo náà ń bú, ewúrẹ́ ń sá, Kúlúsúmù fi aṣọ bo etí. Èmi ni mo ń sunkún, níwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Mo wo Rájí, mo ń wá ìdùnnú lójú rẹ̀ kí n lè kórìíra rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé àáké náà lójú, ìṣá kọ̀ọ̀kan, kò ṣẹ́jú. Nígbà tí Sìmbíátù tún gbé àáké sókè, tí kò sì mọ ibi tí yóò sọ ọ́ sí mọ́, Rájí ní:

"Ó tó."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Mo ní ó tó. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. N kò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ gbé mi wọlé."

Ọjọ́ Ajé, 25 Dìsẹ́ńbà

Kérésìmesì. N kò lè kọ orin.

Ọjọ́rú, 27 Dìsẹ́ńbà

Sìmbíátù wá ní àárọ̀. Mo ti ní kí n má lọ sí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n gbé òkú Ìyálé padà sí, ṣùgbọ́n ó fà mí lọ́wọ́ bí ẹni ń fa afọ́jú.

"Bàbá, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ wò ó dáadáa."

Mo ní kí ni kí n wò, páànù tó ti ya?

"Ẹ wo inú."

Ó kó àwọn páànù tó ya kúrò. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ wọn bí ọmọ nínú ìtẹ́, kò ní àpá kan. Àwọn páìpù, ṣéènì, irin gígùn méjì tó gbé gbogbo rẹ̀ ró, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí àáké kàn.

"Páànù nìkan ni mo ṣá, Bàbá. Ti òyìnbó ti jẹrà tipẹ́tipẹ́, Ẹdẹ níbí ni Bàámi ti lu èyí. Ohun tó bá a ti òkè òkun wá, n kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bí mo bá rí páànù tuntun, ọ̀sẹ̀ méjì ni màá fi tún un ṣe."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rù mìíràn mú mi. Mo bi í pé bí Rájí bá gbọ́ ńkọ́, bí ẹnì kan bá sọ fún un pé Sìmbíátù tàn án jẹ níwájú gbogbo ẹbí?

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Bàbá, ta lẹ rò pé ó di páànù náà mú fún Bàámi nígbà tí wọ́n ń lù ú, tí èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi?"